Ọjọ́ tí Ìyá Mi Fi Bàtà Gogoro Gun Òkè

Lọ́dún tí mo ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ mi, mò ń gbé e kọ́ ọrùn lọ síbi iṣẹ́. Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà nínú ọ́fíìsì ìjọba kan ní Jos. Ogun abẹ́lé ti parí, owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí sí i, ọ̀dọ́ tó bá sì fẹ́ káyé mọ̀ pé òun lajú, bí kò bá ra rédíò alákàsẹ́ẹ̀tì, á ra kámẹ́rà. Wàhálà tèmi ni pé n kò mọ̀ ọ́n lò. Gbogbo èèyàn tí mo bá yà, wọn kì í ní orí.

Onífọ́tò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Laranto ló ṣàánú mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bọ́ fìlà òtútù lórí láàárọ̀ lálẹ́. Ó ní òun fẹ́ kó àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò yíyà lọ sí ìlú àtijọ́ kan lórí òkè, lọ́nà ẹ̀yìn Gyel. Nígbà tí àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ń dààmú àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́, orí òkè ni wọ́n sá lọ, wọ́n fi òkúta mọ odi yí ara wọn ká, wọn ò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Odi yẹn, pẹ̀lú oòrùn àárọ̀ lára ẹ̀," onífọ́tò wí, "bó o bá yà á, wàá mọ̀ pé o ti ya fọ́tò láyé ẹ."

Mo délé, mo ròyìn. Ìyá mi, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà látìgbà tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jos, ò gbọ́ nǹkan míì nínú ọ̀rọ̀ mi ju fọ́tò lọ.

"Mò ń bá yín lọ," ó ní.

"Màmá, wọn ò ní ya èèyàn níbẹ̀ o. Òkúta la fẹ́ lọ yà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ fẹ́ wọkọ̀ ní Jos lọ ya òkúta? Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa yìí ńkọ́? Ó ṣẹ̀ yín ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, òtútù mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu wa. Gbogbo wa wọ súwẹ́tà. Ìyá mi jáde nínú léèsì aláwọ̀ búlúù, gèlè ga lórí ẹ̀, báàgì lápá, bàtà gogoro lẹ́sẹ̀. Onífọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì tá a háyà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀yin náà ní kámẹ́rà ni?"

"Èmi lẹ máa yà."

Ó wo ojú mi. Mo wojú ọ̀run. Ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹnì kẹrin wa ni Àlàájì kan, ọmọ Ìlọrin, tó ń ta aṣọ nítòsí ìsọ̀ ìyá mi. Ó ra kámẹ́rà kan bọ̀ láti Mẹ́kà, ṣùgbọ́n kò tíì fi ya ohunkóhun rí. Ó kàn máa ń yọ ọ́ nínú páálí, á fi áńkáṣíìfù nù ún, á dá a padà. Òun àti ìyá mi jà dé Gyel lórí ta ló yẹ kó jókòó níwájú.

Nígbà tá a dé ẹsẹ̀ òkè, a rí i pé kò sí ọ̀nà míì ju àárín àpáta lọ. A ò tíì rìn jìnnà tí bàtà ìyá mi fi há sáàárín òkúta méjì. A fà á, ó yọ. Ó tún há.

"Ìyá Alábọ́, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ jàre," Àlàájì wí.

"Kí n bọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá ya ẹsẹ̀ lásán?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tì í lẹ́yìn tá a ń fà á níwájú. Onífọ́tò gbé báàgì ìyá mi kọ́rùn pẹ̀lú kámẹ́rà tiẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ kọjá lára wa. Ìyá àgbà kan tó pọn igi ìdáná náà kọjá lára wa, ó kí wa, "Sannu, sannu," ó wo ìyá mi dáadáa, ó sì yára sí i.

Ìgbà tá a dókè la mọ ìdí tó fi yára. Gbogbo ìlú ti jáde. Baálẹ̀ wọn, bàbá arúgbó kan tó wọ kóòtù sójà, na ọwọ́ méjèèjì sí wa, ó fi èdè Haúsá sọ pé, "Ẹ káàbọ̀! Wọ́n ní ẹ̀ ń mú ìyàwó bọ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mú un wá hàn wá." Ó yíjú sí Àlàájì. "Ọkọ ìyàwó, sannu."

"Haba!" Àlàájì figbe ta. "Wallahi, kì í ṣe èmi o!"

Mo rò pé ìyá mi á bínú. Ó kàn tún gèlè ẹ̀ ṣe ni.

Onífọ́tò ṣàlàyé fún bàbá náà pé odi la wá yà. Bàbá yẹn bojú wẹ̀yìn, ó wo odi, bí ẹni pé nǹkan tuntun ti ṣẹlẹ̀ sí i.

"Èyí? Kí ló ṣe é? Àwa ni kẹ́ ẹ yà."

Kó tó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó ti wọlé, ó gbé rédíò tí kò ní bátìrì jáde pẹ̀lú aago ògiri, ó gbé wọn lé itan, ó jókòó. Onífọ́tò bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó síwájú odi ó kéré tán. Inú àwọn èèyàn ò dùn sí i. Wọ́n ní ibi tí ẹran ń fara nù nìyẹn, ṣé a fẹ́ dójú ti àwọn ni? Obìnrin kan sáré mú aṣọ ìbùsùn funfun wá, wọ́n sì ta á bo odi tá a torí ẹ̀ wá láti Jos. Mo rí ojú onífọ́tò. Ó dà bí ẹni tí eyín ń dùn.

Obìnrin náà wá nàka sí gèlè ìyá mi. Ìyá mi tú u, ó wé e fún un. Obìnrin kejì ní bàtà wu òun. Ẹ̀kẹta tọrọ léèsì. Kí n tó mọ̀, ìyá mi ti wọ inú ilé kan, ó sì ti jáde nínú ìró tí wọ́n yá a, ẹsẹ̀ lásán, ó dúró lórí àpáta, ó ń pàṣẹ ní Haúsá ọjà.

"Gbé àgbọ̀n sókè! Má fún báàgì yẹn lọ́rùn! Ta ló ní kó o rẹ́rìn-ín? Ó yá, ẹni tó kàn!"

Aṣọ kan náà, gèlè kan náà, ni gbogbo obìnrin ìlú náà fi ya fọ́tò. Onífọ́tò yà títí fíìmù ẹ̀ fi tán. Tèmi náà tán. Ló bá ku kámẹ́rà Mẹ́kà.

"Kí ọkọ àti ìyàwó náà wá yà," Baálẹ̀ wí.

Àlàájì búra, ó ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyá mi ti gba aṣọ ẹ̀ padà, ó ti jókòó. Níkẹyìn Àlàájì fa kámẹ́rà yọ nínú páálí, ó gbé e fún onífọ́tò bí ẹni ń gbé ọmọ jòjòló, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi pẹ̀lú ojú líle.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, èmi àti onífọ́tò gbé àwọn fọ́tò lọ fún wọn lókè, wọ́n sì di áchà, ọkà oníhóró wínníwínní tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀, kún àpò fún wa. Nínú àwọn tí mo yà, gbogbo èèyàn ló ní orí. Ẹsẹ̀ ni wọn ò ní.

Ti Àlàájì àti ìyá mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá mi fúnra ẹ̀ ló gbé e síwájú bàbá mi nídìí oúnjẹ alẹ́, ó wá dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Bàbá mi wọ awò ojú. Ó wò ó pẹ́.

"Àlàájì yìí ti sanra o," ó ní, ó sì mú òkèlè.

"Ìyẹn nìkan lẹ rí?"

Bàbá mi tún gbé fọ́tò náà, ó sún un mọ́ iná àtùpà.

"Búlúù yẹn yẹ ọ́," ó ní.

Ìyá mi gba fọ́tò náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ kó tó jáde wá palẹ̀ abọ́ mọ́.