Ẹ̀wà Bíbó Lójú Fèrèsé

Ẹ̀wà tó ń jẹrà máa ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí òjò pa tí ẹnikẹ́ni kò sá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí èmi ni mo gbé òórùn náà wọ kíláàsì wa ní Johannesburg, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Èkó.

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ohun ẹlẹ́mìí la ń kọ́ ní sáà yẹn. Olùkọ́ wa ní kí kálukú mú ẹ̀wà mẹ́ta wá láti ilé, ká tẹ́ ẹ sórí òwú tútù nínú ife, ká tò ó sójú fèrèsé. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ hù ni yóò máa bomi rin ọgbà iléèwé, yóò sì yan ẹnì kan tí wọn yóò jọ máa lọ. Omi kọ́ ló ń wù mí, ẹnì kan yẹn ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, èmi nìkan ni mò ń dá jẹun lákòókò ìsinmi, ó sì ń dùn mí gan-an. Ni mo bá fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì pé àgbẹ̀ ni bàbá mi àgbà, pé ìran wa kì í gbin nǹkan kó má hù.

Olùkọ́ ti ṣàlàyé pé omi ni yóò rọ èèpo ẹ̀wà, tí èèpo yóò fi ya, kí gbòǹgbò tó yọjú. Mo wò ó pé kí ni gbogbo wàhálà yẹn fún? Ìyá mi kúkú ti rẹ ẹ̀wà mọ́ín-mọ́ín, ó ti bó o tán, ó funfun báláú nínú abọ́. Mo ṣa mẹ́ta tó dára jù. Ẹ̀wà àwọn tó kù á ṣì máa bọ́ṣọ lọ́wọ́ nígbà tí tèmi á ti jáde. Ọgbọ́n orí mi wú mi lórí lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀wà ọmọbìnrin kan tó ń ti Soweto wá ti yọ gbòǹgbò ṣáájú ti gbogbo wa. Tèmi ti là sí méjì-méjì, ó ń yọ̀, ó ń hó. Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ di imú mú.

"Eish, kí ló ń rùn báyìí?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo sunkún nínú takisí títí a fi dé Yeoville, àdúgbò wa.

Nígbà tí mo rò ó fún ìyá mi, ó bi mí pé, "Ṣé mọ́ín-mọ́ín lo fẹ́ gbìn ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló la ẹ̀wà tútù kan, ó fi ohun tín-ín-rín kan hàn mí láàárín rẹ̀. "Ọmọ inú rẹ̀ rèé. Èèpo ló ń ṣọ́ ọ. Tí a bá ti bó o, tí a fọ̀ ọ́, ó ti bá omi lọ nìyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi." Ó fún mi ní mẹ́ta mìíràn, tèèpo-tèèpo.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Soweto bi mí irú ẹ̀wà wo ni kò ní èèpo. Mo rò ó fún un, mo sì fi ìbéèrè ìyá mi kún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tí olùkọ́ ní kó yan ẹnì kejì rẹ̀, èmi ló nàka sí. Ó ní òun fẹ́ ẹni tí yóò máa pa òun lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀wà mi hù nígbẹ̀yìn, òun ló kẹ́yìn nínú kíláàsì. Nísinsìnyí tí mo wà ní yunifásítì, yàrá kékeré ni mò ń gbé ní Braamfontein, ọmọ Soweto yẹn sì máa ń wá bá mi bó ẹ̀wà mọ́ín-mọ́ín lọ́jọ́ Sátidé. Bí ọ̀kan bá yọ jáde lódindi lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á wò mí.

"Ká gbìn ín?"