Ìyá Mi Ní Ara Òun Le, Ilé Ìwòsàn Sì Gbà Á Gbọ́

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù tó kọjá, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ìyá mi, Àlájà Ìsìlàmíyátù Àkànkẹ́, kú lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kan nínú ìlú Accra yìí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara rẹ̀ le koko.

Kí ẹ tó bínú sí ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Obìnrin tó máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀ kó tó wọlé ni. Ní ọjà Kantamanto, níbi tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ta òbúróní wáwú, aṣọ àlòkù àwọn ọmọdé, bí oníbàárà bá tú gbogbo aṣọ wò tí kò ra ẹyọ kan, á ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wò ó." Nígbà tí olè gbé odidi ìdì aṣọ rẹ̀ lọ, ohun tó sọ ni pé, "Kò tiẹ̀ kí mi." Bí ẹ bá ṣe é lóore lónìí, lọ́la ẹ ó bá a lẹ́nu ọ̀nà yín, á kúnlẹ̀, á dúpẹ́ àná, ìbáà ṣe ọmọ ogún ọdún ni yín. Àwọn aládùúgbò wa ní Mamobi a máa ní ẹni tó bá fẹ́ sùn pẹ́ láàárọ̀ kó má ṣe Àlájà lóore.

Òfin kan tó fi tọ́ wa nìyí: "Ẹni tó kí ẹ, àlàáfíà ẹ ló béèrè, kì í ṣe àìsàn ẹ." Nítorí náà, bó o bá ń kú lọ, "a dúpẹ́" ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí àgbà bá ní a dúpẹ́, ó yẹ kéèyàn tún ojú rẹ̀ wò. Ṣé etí nìkan ni wọ́n wá ń fi tọ́jú aláìsàn báyìí ni?

Àbúrò mi, Fàsílátù, ló mú un lọ láago méje àárọ̀. Àyà ń dùn ún. Fàsílátù lọ sídìí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní màmá òun ò lè mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì na ọrùn, ó fi èdè Twi béèrè bí ara Màámi ṣe rí: "Maame, wo ho te sɛn?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí i: "Me ho yɛ, me ba, meda wo ase." Ara òun le, ọmọ òun, òun dúpẹ́.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ òótọ́?"

"Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Jókòó, wọ́n ń ṣiṣẹ́."

Fàsílátù tún lọ láago mẹ́wàá, ó tún lọ láago méjìlá. Ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà. Nọ́ọ̀sì wá ń wo àbúrò mi bí òpùrọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ ọ́ pé aláìsàn ní ara òun le. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru sí, òfìfo ni. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú láti ọjọ́ Ẹtì. Ní Alajo, níbi tí ilé ìwòsàn náà wà, kò sí kíóṣì tí wọn ò ti ń ta bátìrì. Ṣé ó di ìgbà tí Ààrẹ bá wá rà á ni?

Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà. Wọ́n fèsì, mo sì dúpẹ́, torí ọ̀pọ̀ ni kì í rí èsì gbà. Wọ́n ní aláìsàn náà jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ títí dé òpin, àti pé ẹbí tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò ta òṣìṣẹ́ lólobó bó ṣe yẹ. Ẹni tó lọ sídìí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló wá jẹ̀bi. Láti ọjọ́ tí Fàsílátù ti ka gbólóhùn yẹn ni kì í jẹun tán mọ́. Á kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó yẹ kí n ti pariwo ni?" Ó dùn mí ju ikú náà lọ. Ti Ọlọ́run ni ikú, àmọ́ èèyàn ló jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀yin ilé ìwòsàn, ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́, kí ẹ sì kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Fàsílátù. Ẹ sọ orúkọ ẹni tí ẹ̀rọ yẹn wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ń ṣèwádìí, ìwé yín wà lọ́wọ́ mi. Èmi Raqeebah, ọmọ Àkànkẹ́, ń bọ̀ lọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Ajé láago mẹ́jọ, èmi àti àbúrò mi. A máa wọlé, a máa jókòó, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni.