Ẹja Tí Wọ́n Ní Ká Bá Wọn Tọ́jú

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Jẹ́dà níbí, èmi ni ògbufọ̀ màmá mi. Àlàájà ni wọ́n, ṣùgbọ́n Lárúbáwá tí wọ́n gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n fi ń kírun lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kanlẹ̀kùn, èmi ni wọ́n máa ń pè, ẹ̀yin ọmọ mi, mo sì máa ń ṣe fọ́ńté nítorí rẹ̀.

Ọkùnrin kan ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa. Èbúté ni òun àti bàbá mi ti jọ ń ṣiṣẹ́, erékùṣù Madagásíkà ló sì ti wá. Ó ní ẹja méjì, akọ àti abo, nínú bàsíà ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Atukọ̀ kan láti ìlú rẹ̀ ló gbé wọn wá fún un nínú kẹ́ẹ̀gì omi. Dámbà ló ń pè wọ́n. Ó sọ fún mi pé kò sí irú wọn níbòmíràn láyé àfi nínú omi ilẹ̀ àwọn, àti pé odò tí wọ́n ti kó méjèèjì ti ń gbẹ. Ó ń retí kí abo yé ẹyin. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tì wọ́n, á máa fi èdè rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, èmi a sì máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà Hájì ọdún kan, ó ríṣẹ́ amọ̀nà ní Mẹ́kà. Kó tó lọ, ó wá bá wa, ó ní kí màmá mi máa bá òun mójú tó àwọn ẹja náà. Mo yíjú sí màmá mi.

"Màmi, wọ́n ní kí ẹ bá àwọn tọ́jú ẹja àwọn."

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn. À ń tọ́jú ọmọ, a sì ń tọ́jú ẹja tí a fẹ́ sè. Màmá mi kì í fi oore falẹ̀. Kí n tó ti ilé-kéú dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti họ ìpẹ́ ẹja, wọ́n ti fi iyọ̀ àti ata pa á lára, wọ́n sì ti dín in gbẹ kó má baà bà jẹ́ kí ẹni tó ni ín tó dé.

Mo lọ wo bàsíà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, omi nìkan ló kù.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé, màmá mi fi ẹ̀rín gbé àwo fún un. Ó ṣí i, ó wò ó pẹ́. Ó wá fi Lárúbáwá bi mí pé, "Kí lo sọ fún wọn?"

"Ohun tí ẹ ní kí n sọ náà ni."

Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi. Màmá mi kò mọ̀ títí wọ́n fi kú. Ojú ṣì ń tì mí.

Ayé ti yí padà. Fóònù ló ń ṣògbufọ̀ báyìí, bí mo bá sì fi Yorùbá bá ọmọ-ọmọ mi sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ló fi ń dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan mo ní kó bá mi wá dámbà lórí fóònù rẹ̀. Ó rí i. Ó ní irú ẹja náà kò sí níbòmíràn, Madagásíkà nìkan ni, àti pé púpọ̀ nínú wọn ti ń run lọ. Ó wá bi mí bóyá mo ti fojú rí i rí.

Mo ní mo ti rí méjì, pé màmá mi ló bá ẹni tó ni wọ́n tọ́jú wọn.

"Màṣá Allah," ni ọmọ náà wí, inú rẹ̀ sì dùn.