Fáàfù Tó Ń Kán Nílé Ìyá Mi

Púlọ́ńbà ni mí, obìnrin sì ni mí. Ìyá mi gbà pé nǹkan méjèèjì yìí kò yẹ kó pàdé lára ẹnì kan, ṣùgbọ́n ó ti sú u láti máa bá mi fà á. Ilé bàbá mi ní Mushin ló ṣì ń gbé. Àwọn ayálégbé máa ń gba ẹnu ilé ìwẹ̀ rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé ẹ̀yìnkùlé.

Orúnkún ń dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Síbẹ̀, àràárọ̀ ló máa ń gbé ìkòkò omi gbígbóná láti ilé ìdáná lọ sí ilé ìwẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Lọ́jọ́ kan, omi náà dà sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo rí bí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe bó, mo sunkún, lẹ́yìn náà inú bí mi. Mo wá hítà tó ń mú omi gbóná lọ, mo sì gbé e kọ́ ara ògiri fún un fúnra mi.

Fáàfù ni mo fara balẹ̀ sí jù. Ohun kékeré kan ni, abẹ́ hítà ló máa ń wà, níbi tí omi tútù ń gbà wọlé. Mo wé téèpù mọ́ ẹnu páìpù, mo fi ọwọ́ yí fáàfù náà wọlé kí n tó fi sípánà yí i le. Bí omi bá ń gbóná, ó máa ń wú. Èyí tó bá pọ̀ jù á máa kán jáde lẹ́nu kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù. Tí kò bá ríbi gbà jáde, hítà lè bẹ́. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá mi. Ó ní òun ti gbọ́. Irọ́ ni, kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ni mo bá lẹ́nu fáàfù. Ìyá mi ti wé e pinpin, bí a ṣe máa ń wé ẹ̀rọ omi tó bá ń jò ládùúgbò wa. Iná sì wà lára hítà! Mo sáré pa á, mo ti pariwo kí n tó mọ̀.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ṣebí mo ní kí ẹ má dí i!"

Kò pariwo padà, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó jókòó sórí àpótí. "Tú u kúrò, kí o gbé e lọ. Màá padà sídìí ìkòkò mi."

"Ìkòkò tó bó yín lẹ́sẹ̀?"

"Ó sàn bẹ́ẹ̀. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, ó ti ń jò. Ṣé o rò pé mi ò rí ojú àwọn ayálégbé ni? Wọ́n á ní ọmọ mi ò mọṣẹ́. Mo dí i kí wọ́n má baà fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Obìnrin tó ń yọ mí lẹ́nu látọjọ́ yìí pé kí n lọ wá iṣẹ́ obìnrin ṣe, òun ló ń fi rọ́bà bo àṣírí mi. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn, inú sì ṣì ń bí mi.

Nígbà tí hítà tutù, mo tú rọ́bà náà dànù. Búùtà tó fi ń ṣàlùwàlá wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo fà á sábẹ́ fáàfù, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo sì tan iná padà. Àwa méjèèjì jókòó, a ń wò ó. Nígbà tó yá, omi kán sínú búùtà, tó, tó. Mo ní, "Kò jò, Màámi, omi tó wú ló ń wá ibi gbà jáde."

Ìyá mi ti ìka bọ̀ ọ́. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ló sọ. Omi yẹn ló bù kún èyí tó fi ṣàlùwàlá ìrọ̀lẹ́. Kò tún sọ pé kí n gbé hítà lọ mọ́.

Nígbà tí mo tún lọ, bí mo ṣe dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo gbọ́ ohùn ayálégbé kan láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ yín mà ń jò."

"Kò jò," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí i. Ọmọ mi obìnrin ló ṣe é. Púlọ́ńbà ni."

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn díẹ̀ sí i, bóyá á tún un sọ.