Ohun Tí Bàbá Mi Fi Ọwọ́ Òsì Kọ

Olùkọ́ ìtàn ni bàbá mi. Ará Èkìtì ni, ṣùgbọ́n ilé ìwé girama kan ní Ìkòtún ló ti kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni bí ìwé títẹ̀ ṣe kúrò ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn ará ibẹ̀ a gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára pákó, wọ́n á fi tàdáwà kùn ún, wọ́n á sì tẹ bébà lé e. Àwọn oníṣòwò àti àwọn ẹlẹ́sìn ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá lórí ràkúnmí. Ó ní ó jọ pé ojú ọ̀nà yẹn náà ni ọgbọ́n ọ̀hún gbà dé Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń tẹ tírà tí àwọn Mùsùlùmí ń so mọ́rùn.

Kó lè yé wọn, ó gbẹ́ pákó kan fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ sí kíláàsì. Òdì ló gbẹ́ àwọn lẹ́tà náà, láti ọ̀tún sí òsì, kí wọ́n lè hàn dáadáa lórí bébà.

Ọdún kẹta tí ìyá mi kú ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ nìkan la wà nílé ní Ẹgbẹ́dá. Bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, obìnrin kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa pé kí a máa yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà gbogbo. Mo sọ fún obìnrin náà, mi ò sì bi í léèrè mọ́.

Mo ra ìwé àti bírò fún bàbá mi pé kó máa fi ọwọ́ òsì kọ ohun tó bá fẹ́. Ó kọ ọ́, ó sì nà án sí mi. Wúruwùru ni mo rí. Mo ní kó tún un kọ, bákan náà ló rí. Ó ń fi ìka tọ́ka sí i, ó ń wò mí lójú. Mo gbà pé ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn bí ẹni ń tan ọmọdé, pé ẹ ṣé, Dádì. Nígbà tó yá, mi ò wo ìwé náà mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, obìnrin aránṣọ kan láti Ìṣẹ̀rí-Olófin wá kí i. Bàbá mi ló kọ́ ọ níjọ́sí. Ó mú ìwé náà, ó wò ó títí, ó wá gbé ojú ewé kan sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń kà á láti ẹ̀yìn. Ó ní òdì ni wọ́n kọ ọ́, bíi ti pákó yẹn gẹ́lẹ́. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ.

“Àǹtí,” ó ní, “wọ́n ní, ‘Ìdí mi ti dégbò. Yí mi padà.’ Òun náà ló wà lójú ewé gbogbo.”

Àwa méjèèjì la jọ yí i. Egbò náà ti jẹ dé egungun. Òórùn tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, ìtọ̀ ni mo pè é.

Nílé ìwòsàn, dókítà sọ fún mi pé àwọn mìíràn tí ọwọ́ ọ̀tún wọn bá kú máa ń fi òsì kọ̀wé sódì bẹ́ẹ̀, orí wọn sì pé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ bàbá mi. Ó gba bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí n lọ jẹun.

Kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn. A gbé e lọ sí Èkìtì, a sin ín. Nígbà tí àwọn ẹbí bi mí, mo ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa á. Ohun tí wọ́n ṣì mọ̀ nìyẹn.