Gẹ̀ẹ́sì Orí Wáláà

Òórùn tàdáà ló máa ń jí wa nílé wa lẹ́bàá Ọjà Tuntun. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aáfà, ló ń fi ewé sè é fúnra rẹ̀ nínú ìkòkò dúdú kan lẹ́yìnkùlé. Òun ni yíǹkì tí a fi ń kọ Kùránì sára wáláà, pátákó ìkọ̀wé àwa ọmọ kéú. Títí di òní, tí òórùn ewé tó ń jóná bá kàn mí nímú, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé mo ti dàgbà.

A máa ń ka kéú ní kùtùkùtù ká tó wọ yunifọ́ọ̀mù lọ sí ilé-ìwé gẹ̀ẹ́sì. Ìyá mi, tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ lọ́jà, á tún híjáàbù wa ṣe lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ilé Aáfà lẹ ti ń jáde lọ o." Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi a máa bá a wí pé kí ló ń rán ọmọbìnrin lọ sí ilé-ìwé gẹ̀ẹ́sì fún, ṣùgbọ́n kì í dá wọn lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi Ràmátù ló fi ń yangàn. Ọdún mẹ́rin ló fi jù mí lọ, ó ti wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, tíṣà ló sì fẹ́ dà. Kì í sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré.

Èmi ni olódo ilé. Mo wà ní píráímárì kẹfà, ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ínfínítíìfù kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Mo máa ń kọ "I want to went" àti "She likes to sings," tíṣà wa á sì fi bírò pupa fa ìlà sí i gbọọrọ. Tí a bá jókòó tí à ń bó ẹ̀gúsí, Ràmátù á ní, "Lẹ́yìn 'to', má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn mọ́. Bó ṣe wà ni kó o fi í sílẹ̀. Àná ni o, ọ̀la ni o, 'to go' ni. Èmi ni o, òun ni o, 'to go' náà ni." Á yé mi yékéyéké. Tó bá wá di ojú ìwé, gbogbo rẹ̀ á ti fò lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, bàbá mi a máa kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára wáláà fún àwọn ọmọ kéú. Á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á sì mu omi náà, tí à ń pè ní hàǹtú, kí orí wọn lè jí pépé. Èmi náà bá rò ó pé bí ti Lárúbáwá bá ń ṣiṣẹ́ fún Lárúbáwá, ti gẹ̀ẹ́sì á ṣiṣẹ́ fún gẹ̀ẹ́sì. Kéú ọ̀sẹ̀ yẹn ṣì wà lára wáláà tèmi. Ti Ràmátù ló mọ́, tó fara ti ògiri. Mo gbé e, mo kọ gbólóhùn mẹ́wàá sí i, "I want to go" ló ṣáájú, mo sì lọ bu omi wá.

Kí n tó padà, bàbá mi ti ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó gbé wáláà náà dání, Ràmátù sì dúró níwájú rẹ̀.

"Wáláà ta nìyí?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Ibi tí a ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí lo wá ń kọ gẹ̀ẹ́sì sí?"

Ràmátù wò mí. Ó rí abọ́ omi lọ́wọ́ mi, ó rí tàdáà ní ìka mi. Pàṣán bàbá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó máa ń fi kọ́. Mo wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà sì dákẹ́, nítorí tó bá ti sọ pé òun kọ́, èmi nìkan ló kù.

Bàbá mi kò nà án. Ó fọ wáláà náà, ó da omi rẹ̀ sí gọ́tà, ó ní, "Ràmátù, gẹ̀ẹ́sì tó báyìí." Ó jọ pé ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń sọ ló ṣẹ lójú rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àwọn ará ilé bẹ̀ ẹ́, ó ní rárá. Ràmátù kò wọ yunifọ́ọ̀mù mọ́. Nígbà tó ṣe, ó lọ sílé ọkọ ní abúlé, ó ń gbin àgbàdo, ó ń sin ewúrẹ́. Èmi yege nínú ìdánwò yẹn. Èmi ni mo wá di tíṣà gẹ̀ẹ́sì ní àdúgbò Fate. Ó máa ń dùn mí débi pé, tí mo bá kọ́ àwọn ọmọ ní ínfínítíìfù tán, ara mi kì í balẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fún un lómi, Ràmátù ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀. Bàbá mi dédé ní, "Ràmátù yìí ì bá dáa ní tíṣà. Kí ló dé tó ṣe irú nǹkan yẹn?"

Ràmátù kò gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ohun tí mo sọ ni, "Bàbá, ẹ mu omi."

Ọjọ́ kẹta la sin ín.

Mo lè bá ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn wá àwáwí. Ọmọdé ni, pàṣán ló ń bẹ̀rù. Èmi ọ̀sán ọjọ́ náà ti lé ní ogójì ọdún, ọwọ́ bàbá mi kò sì lè gbé ife mọ́.