Òṣùwọ̀n Ọmọ Mi ní Pápá Ẹṣin Èkó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Odode Ìdànrè nígbà tí mo jáde nílé. Ìkùukùu ṣì bo orí àwọn àpáta, a kò sì tíì gbúròó odó ẹnikẹ́ni. Ìyá Akin, aya mi, sìn mí dé ibi tí lọ́rì ń dúró sí, ó di iṣu sísun àti ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá Akin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ọmọ yín kí ẹ tó bá a wí.” Mo fi ìbínú gun ọkọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Lájídé tó ń ta aṣọ ti Èkó dé, ó sì sọ létí gbogbo wa lẹ́yìn ìsìn pé òun rí Akin ọmọ mi ní pápá tí àwọn ará Èkó ti ń fi ẹṣin sáré ìje. Ó ní òjé ni Akin ń kó sábẹ́ gàárì ẹṣin tó bá lágbára, kí ó má baà lè sáré. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ ohun tí òjé jẹ́ létí ẹni tó ń gbin kòkó. Àwọn oníjìbìtì tó ń rà á lọ́wọ́ wa, òjé ni wọ́n ń fi pamọ́ sára òṣùwọ̀n, tí àpò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ wa lọ́rùn yóò fi fúyẹ́ lójú wa. Èmi gan-an sì ni ẹgbẹ́ oníkòkó Aládé, ìlú tó múlé gbè wá, yàn láti máa ṣọ́ òṣùwọ̀n. Bàbá Òṣùwọ̀n ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Kí ọmọ Bàbá Òṣùwọ̀n wá máa fi òjé ṣe jìbìtì l’Ékòó? Mo pinnu pé bí mo bá bá a nídìí rẹ̀, èmi àti òun la óò jọ padà wálé.

Ṣílè kan ni mo san dé Àkúrẹ́. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, ṣílè mẹ́jọ ni, orí pákó lásán la sì jókòó lé. Ọ̀nà Iléṣà kún fún kòtò, erùpẹ̀ pupa sì ti pa aṣọ funfun mi láró kí oòrùn tó mú. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè Ìpetu, ọkọ̀ kọ̀, kò gùn ún. Awakọ̀ ní kí àwọn tó lágbára sọ̀kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn, kí àwọn abiyamọ àti àgbàlagbà jókòó. Ó wá nawọ́ sí èmi pé kí n jókòó mi. Mo ní, “Ọmọ Ìdànrè ni mí. Ibi tí ẹ ń pè ní òkè yìí, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni lọ́dọ̀ wa.” Mo bọ́ sílẹ̀, mo sì ṣáájú gbogbo wọn gùn ún. Ká sòótọ́, nígbà tí mo dé òkè, mo fẹ̀yìn ti igi kan, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo oko olóko.

Mo sun Ìbàdàn mọ́jú, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kejì. Ní Abẹ́òkúta, mo ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tọ́rọ́ lójú fèrèsé ọkọ̀, ó sì dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi ata ṣe bíi tiwa. Ọkùnrin Ẹ̀gbá kan tó jókòó tì mí nawọ́ sí Àpáta Olúmọ fún mi bí ẹni tó ń fi ọba han àlejò. Mo yìn ín, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ẹ̀yin, tó bá jẹ́ ní Ìdànrè ni àpáta yẹn wà, aṣọ la óò máa sá lé e lórí.

Ọjọ́ rọ̀ kí n tó dé Èbúté Mẹ́ta, níbi tí Akin gba yàrá kan sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nígbà tó rí mi. Kò tíì dìde tí mo fi bi í bóyá òótọ́ ni pé ó ń fi òjé sábẹ́ gàárì ẹṣin.

Ó ní, “Òótọ́ ni, Bàbá.”

Mo ti rò pé yóò sẹ́ ni. Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn iṣẹ́ akọ̀wé tí òun ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ lọ́jọ́ kejì kí n fojú ara mi rí i. Bí mo bá rí jìbìtì níbẹ̀, òun yóò tẹ̀lé mi lọ sílé láìjiyàn. Mo ní kó di àpótí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Ó dì í lójú mi, ó sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Mi ò gbádùn oúnjẹ tó gbé fún mi.

Pápá yẹn tẹ́jú, koríko rẹ̀ tutù nítorí òjò tó rọ̀ ní ìdájí. Mi ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí: òyìnbó, lọ́yà, alápatà, àwọn ìyá olówó pẹ̀lú agboòrùn. Lọ́dọ̀ wa, ọba àti ìjòyè la mọ̀ mọ ẹṣin. Níbí, ẹnikẹ́ni tó bá ní ṣílè márùn-ún lè ra tikẹ́ẹ̀tì lé ẹṣin tó wù ú. Bí ẹṣin rẹ̀ bá gbégbá orókè, wọn á sanwó fún un. Bí kò bá gbé e, ó di ọjọ́ mìíràn.

Mo dúró lẹ́yìn ọgbà igi tó yí ibi òṣùwọ̀n ká. Akin dúró nídìí rẹ̀, ó ki aṣọ rẹ̀ bọ ṣòkòtò dáadáa. Àwọn tó ń gun ẹṣin, tí wọ́n ń pè ní jọ́kì, ń jókòó sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gàárì wọn. Lóòótọ́ ni òjé wà! Akin ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tì í bọ inú àpò aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ gàárì. Ọkàn mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó ti wọ̀n ọ́n tán, ó pariwo iye rẹ̀ sókè, òyìnbó kan kọ ọ́, wọ́n sì gbé e sójú pátákó gàgàrà kan tí gbogbo èrò lè kà. Mo ro èyí títí. Olè tí mo mọ̀ ní Aládé kì í pariwo òjé rẹ̀.

Nígbà tó ráyè, ó sún mọ́ ọgbà náà, mo sì bi í ní èdè wa ohun tí ẹṣin tó lágbára ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń di ẹrù lé e. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí ẹ ń kó sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè, ta ló ru ọlọ?”

Nígbà tí a ń kó kúrò lórí òkè, bàbá mi ló ń pín ẹrù fún agbo ilé wa. Ẹni tó lágbára jù ni yóò ru ọlọ àti ilẹ̀kùn, aláìlera á gbé ẹní, kí gbogbo wa lè jọ dé ìsàlẹ̀, kí ẹnì kan má ṣe ṣáájú lọ jókòó máa fi èkejì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ru ọlọ. Mo ti fi ìyẹn yangàn fún Akin láti kékeré.

Hándíkáàpù ni wọ́n ń pe irú ìje bẹ́ẹ̀. Ìje àpínrù ni mo sọ ọ́. Ẹṣin tó ti ń borí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń di ẹrù tó wúwo lé, èyí tí kò tíì borí rí á gba fífúyẹ́. Bí ẹni tó ń pín in bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn yóò jọ dé ni. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ní tirẹ̀ ń wá ibi tí apínrù ti ṣìnà, ìyẹn ẹṣin tí agbára rẹ̀ ju ẹrù rẹ̀ lọ. Inú mi rọ̀, mo sì lọ ra tikẹ́ẹ̀tì kan, èmi alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹṣin pupa tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù ni mo mú. Ọkùnrin kan tó tò lẹ́yìn mi fi sùúrù sọ fún mi pé ẹrù yẹn ti pọ̀ jù lórí ilẹ̀ tútù, pé ẹṣin dúdú kékeré kan ló yẹ kí n mú. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ru ọlọ la ń fọkàn tán.

Wọ́n ṣí ọ̀nà fún àwọn ẹṣin, wọ́n gbéra. Ẹṣin pupa ló ṣáájú yí igun pápá, mo sì ń ké bí ọmọdé. Nígbà tó kù díẹ̀, ilẹ̀ tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lẹ́sẹ̀, dúdú kékeré yẹn yọ láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo àwọn yòókù sì rọ́ dé bí ẹni pé okùn kan ló so wọ́n pọ̀. Gígùn orí ẹṣin lásán ni dúdú fi ṣáájú tèmi dé.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Jọ́kì tó borí gbọ́dọ̀ padà wá jókòó sórí òṣùwọ̀n. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dín sí èyí tó gbé lọ, wọn yóò já a, tèmi ni yóò sì gbà á. Akin rí tikẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó sì wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Jọ́kì jókòó. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ń mì, kò tètè dúró. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbàdúrà kí ó dín. Akin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó dúró títí abẹ́rẹ́ fi dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sì tún wo ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Ó pariwo pé, “Ó pé!”

Bí ṣílè márùn-ún mi ṣe lọ nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe nítorí owó. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí wọ́n bí i lọ. Nígbà tí a délé lálẹ́, ó bi mí bóyá kí òun gbé àpótí náà jáde. Mo ní kó lọ tú u.

Ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo padà dé Odode, Lájídé pàdé mi lẹ́yìn ìsìn, ó sì bi mí lójú gbogbo ènìyàn bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Mo ní, “Wọ́n jẹ mí. Ọmọ mi ló sì wọ̀n ọ́n.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Nígbà tí a tún fẹ́ ta kòkó ní Aládé, mo ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n kúrò nínú ilé wá sí ìta gbangba, kí wọ́n máa pariwo iye ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ọjà gbọ́. Àwọn kan kùn. Àpò tèmi ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e.